Okùn wo ni kí n fi sí báàsì olókùn márùn-ún tí mo fi ń ta jùjú, tí mo tún ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Oníbáàsì Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ó sì ti pé ọdún méje tí mo ti ń ta gìtá báàsì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń bá ẹgbẹ́ olórin jùjú lọ sí ibi ìnáwó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gìtá kan náà ni mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Olókùn mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá mo ra olókùn márùn-ún tí ó jẹ́ tòkunbọ̀. Igi rẹ̀ dára, ọrùn rẹ̀ kò sì wọ́, àmọ́ àwọn okùn tí mo bá lára rẹ̀ ti dípẹtà, ohùn wọn sì ti kú. Bí mo bá ta okùn E, ńṣe ni ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lu páálí. Èyí tí ó ń kó ìdààmú bá mi jù ni okùn B, tí ó nípọn ju gbogbo wọn lọ. Ó dẹ̀ jù, ó ń mì síwá sẹ́yìn, kò sì ní ohùn pàtó kan tí etí lè dì mú.

Mo lọ sí ilé ìtajà kan, wọ́n kó oríṣi mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: nickel, stainless àti flatwound. Owó flatwound ju ìlọ́po méjì ti nickel lọ. Mo bi ẹni tí ń tà á léèrè ìyàtọ̀ àárín wọn, ohun kan ṣoṣo tí ó sì rí sọ ni pé gbogbo wọn ni ó dára. Ojúde Ọba kò jìnnà mọ́, ẹgbẹ́ wa sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ régbérégbé kan tí yóò ṣe ìnáwó ní ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Stainless ni kí ẹ rà. Kíbọ́ọ̀dù méjì ni a ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ó sì ń tẹ àkọ́kọ́ kì í lè ṣe kí ó má fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ àwọn ohùn ìsàlẹ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ tèmi. Nígbà tí mo ń lo nickel, ìgbà tí mo bá dáwọ́ dúró nìkan ni àwọn ará máa ń mọ̀ pé báàsì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi stainless sí i ni ohùn mi tó yọ láàárín ìlù àti kíbọ́ọ̀dù. Flatwound jẹ́ ti àwọn bàbá wa. Ohùn rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó tú u nínú ọ̀rá. Oṣù méjì méjì ni mo máa ń pààrọ̀ okùn tèmi.

Bàbá Jùjú Ṣàgámù

Ìlíṣàn, ọmọ mi, o mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, n kò sì ní já ọ ní koro lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí sọ pé jùjú ni òun ń ta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibẹ̀ sì ni èmi fẹ́ bá a dé, nítorí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta báàsì jùjú káàkiri Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Òde-Rẹ́mọ.

Nínú jùjú, gángan ni ó ń sọ̀rọ̀. Báàsì ń gbé ọ̀rọ̀ náà ró láti ìsàlẹ̀ ni, kì í bá a du ọ̀rọ̀ sọ. Bí okùn báàsì bá ń dún ṣaworo bí irin tí a fi gbá irin, ìró rẹ̀ yóò lọ kọlu ti gángan àti ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń jó kò sì ní mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé. Ẹ rántí agídìgbo inú àpàlà, bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe máa ń ta á: ìró rẹ̀ kúkúrú, ó ṣù pọ̀, ìró náà á sì ti kú kí èyí tí ó kàn tó dé, kí àyè lè gba ọ̀rọ̀ olórin. Flatwound ni ó ń fún mi ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé e, kì í ṣe wáyà róbótó, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń dán bí gíláàsì. Ìka kì í han lórí rẹ̀ nígbà tí a bá ń sún ọwọ́, ìdọ̀tí kò rí ihò fara pamọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ àwọn fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá.

Ní ti pé ohùn rẹ̀ ti kú, ẹ lọ gbọ́ James Jamerson, ẹni tí ó ta báàsì fún ilé iṣẹ́ orin Motown ní ìlú Detroit ní àwọn ọdún 1960. Flatwound La Bella tí ó nípọn gan-an, láti 52 dé 110 (ìyẹn nọ́ńbà bí okùn ṣe nípọn tó), ni ó wà lórí báàsì Fender Precision rẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pààrọ̀ okùn àfi bí ó bá já. Èyí tí ó wà lórí tèmi ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: okùn tí owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, tí a rà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́sàn-án, àti èyí tí à ń rà ní ìgbà mẹ́fà lọ́dún kan.

Alátùn-únṣe Gìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Jùjú, mo sì ka ti Ọmọ Ìlíṣàn. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan okùn B nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn B ni ó gbé arákùnrin yìí wá síbí. Iṣẹ́ àtúnṣe gìtá ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí.

Okùn E ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn B ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Gígùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní lórí gìtá. Nítorí náà, kí B tó lè lọ sí ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láì dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wúwo. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí ara páálí okùn ni ó ń sọ bí ó ti nípọn tó, tí a bá pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà 1,000: 45 ni okùn G nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò okùn, 125 tàbí 130 sì ni B. Ẹ má fojú kékeré wo márùn-ún tí ó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí. Ìwúwo okùn ń pọ̀ kọjá bí ìbú rẹ̀ ṣe ń pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní ohùn kan náà, 130 yóò fi nǹkan bí ìpín 8 nínú 100 le ju 125 lọ. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Gígùn ibi tí okùn ti ń dún lórí gìtá, láti nut dé bridge, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ínǹṣì 34 ni ti ọ̀pọ̀ báàsì, láti ìgbà tí Leo Fender ti gbé Precision jáde ní 1951, àmọ́ àwọn olókùn márùn-ún mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ 35. Ínǹṣì kan yẹn nìkan ń mú kí okùn kan náà fi nǹkan bí ìpín 6 nínú 100 le sí i. Ẹ wọn ti yín: ẹ fi téèpù wọn láti nut, ìyẹn ibi tí okùn gbà kọjá ní orí ọrùn, títí dé orí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ má wọ̀n ọ́n dé bridge, ìyẹn irin tí okùn jókòó lé ní ara gìtá, nítorí pé ibi tí okùn gbé jókòó níbẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹgbẹ́ yín máa ń rẹ ohùn gìtá sílẹ̀ fún olórin. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì ohùn, gbogbo okùn yóò fi ìpín 11 nínú 100 dẹ̀, èyí tí ó sì ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìyà rẹ̀ máa pọ̀ jù fún.

Ọmọ Ìlíṣàn, kì í ṣe ìgbà ayé tiwa ni okùn stainless olóhùn líle bẹ̀rẹ̀. Ní 1966 ni ilé iṣẹ́ Rotosound ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti John Entwistle, oníbáàsì ẹgbẹ́ The Who, jọ ṣiṣẹ́ lórí èyí tí wọ́n pè ní Swing Bass 66. Ohùn rẹ̀ ń yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ le ju irin fúrẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì ń rin ín. Mo ti gba gìtá tí fúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ní ojú kòtò lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, owó tí a fi tún un ṣe sì ju owó okùn ọdún méjì lọ. Bákan náà, ohun tí wọ́n ń pè ní nickel kì í ṣe nickel pátápátá. Wáyà irin ni, tí wọ́n fi nickel bò lára. Èyí tí ó jẹ́ nickel gidi wà lọ́tọ̀, ohùn tirẹ̀ sì tutù ju ìyẹn lọ. Nínú gbogbo wọn, irin ni ó wà ní àárín, òun sì ni mágínẹ́ẹ̀tì inú píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀rọ ara gìtá tí ń gbé ìró okùn lọ sí áńpù, ń gbọ́.

Bàbá, ẹ foríjì mí, ibì kan wà tí n kò ti lè tẹ̀ lé yín. Flatwound lórí olókùn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí okùn B, ó gba kí gbohùngbohùn tóbi. Sípíkà kékeré kò lè gbé ìró ìgbà 31 jáde dáadáa. Àwọn ohùn kéékèèké tí ó wà lókè rẹ̀, tí wọ́n jọ ń dún pọ̀ mọ́ ọn, ni etí fi ń dá B mọ̀. Flatwound ni ó ní irú ohùn kéékèèké bẹ́ẹ̀ kéré jù lọ. Bí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì bá jẹ́ kékeré, B yóò rì.

Èmi yóò ra nickel roundwound, ìyẹn èyí tí wọ́n fi wáyà róbótó wé, 45 dé 130. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì ná.

Ìyá Báàsì Ìperu

Mo kí ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ kún un. Ọdún méjì ni mo fi lo 50 dé 105 lórí olókùn mẹ́rin, nítorí pé ẹni tí ó kọ́ mi ní gìtá ní bí okùn bá ṣe nípọn tó ni ohùn ṣe ń tóbi tó. Bí mo bá ti ìnáwó dé ní òru, mi kì í lè fún aṣọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí 40 dé 95, ìrora ọrùn-ọwọ́ náà lọ láàárín oṣù kan. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọrùn gìtá yóò fà sẹ́yìn, nítorí pé okùn kò fi agbára fà á síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo okùn mi ń kan fúrẹ́ẹ̀tì títí alátùn-únṣe fi dẹ ọ̀pá irin inú ọrùn náà.

Àwọn kan sì wà tí nickel máa ń yún lára, èmi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìka mi máa ń bó. Okùn tí wọ́n fi ike tín-ín-rín bò, irú èyí tí Elixir ń ṣe, ni ó gbà mí. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n òógùn kì í tètè bà á jẹ́, ara mi sì balẹ̀.

Ọmọ Ìlíṣàn

Mo gbọ́ ohun tí alátùn-únṣe sọ nípa fúrẹ́ẹ̀tì, n ó sì lọ yẹ tèmi wò ní alẹ́ òní. Ṣùgbọ́n Ìyá wa, 40 kéré jù. Okùn fẹ́lẹ́ a máa mú ohùn báàsì gbẹ. Fún ẹ̀gbọ́n tí kò bá rówó ra tuntun kíákíá, ẹ se àwọn tí ó wà lára gìtá yẹn nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn wọn yóò jí.

Ìyá Báàsì Ìperu

Àbúrò, bí ẹ bá ń fi agbára ta okùn fẹ́lẹ́, yóò kan fúrẹ́ẹ̀tì, ìró rẹ̀ yóò sì gbẹ lóòótọ́. Ọwọ́ ni ẹ ó yí padà. Ẹ ta á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ jẹ́ kí áńpù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí ń jó ní Ìperu kò tíì bi mí rí pé nọ́ńbà mélòó ni okùn mi.

Alátùn-únṣe Gìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Lórí ọ̀rọ̀ okùn sísè: omi gbígbóná máa ń yọ òógùn àti ìdọ̀tí tí ó há sí àárín wáyà, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń jí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n omi náà a máa kù sí inú, yóò sì mú ìpẹtà wá. Ní ìgbà kejì tàbí ìkẹta tí a bá tún okùn kan náà wé mọ́ èèkàn, ibẹ̀ ni yóò ti já. Ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì mọ́jú nínú ike tí ó ní ìdérí, kí ó jìnnà sí sítóófù àti àbẹ́là, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Àwọn okùn tí arákùnrin yìí bá lórí gìtá rẹ̀ ti dípẹtà ní tiwọn. Kò sí omi tàbí sípíríìtì tí ó lè dá irin tí ìpẹtà ti jẹ padà. Kí ó kó wọn dànù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀wọ́, mo rí okùn báàsì dúdú tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé. Ṣé píkọ́ọ̀pù onímágínẹ́ẹ̀tì lè gbọ́ ọ? Ọ̀rẹ́ mi ní kò lè gbọ́ ọ.

Bàbá Jùjú Ṣàgámù

Yóò gbọ́ ọ, ọmọ mi. Irin ṣì wà nínú rẹ̀, náílọ́ọ̀nù náà kàn jẹ́ aṣọ tí ó wọ̀ lókè ni. Gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù gidi, èyí tí kò ní irin nínú àwọn okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ rẹ ń rò. Ohun tí o ó ṣọ́ra fún ni pé ó máa ń nípọn, ó sì lè má wọ inú ihò nut.

Oníbáàsì Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wọn gìtá náà: ínǹṣì 17 ni láti nut dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé 34 ni. Lóòótọ́, olórin wa máa ń ní kí a rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìdajì bí òru bá ti jìn, mi ò mọ̀ rí pé ìyẹn ni ó ń dá kún un. Nígbà tí mo yẹ àwọn okùn náà wò, mo rí i pé àwọ̀ irin okùn B yàtọ̀ sí ti àwọn mẹ́rin yòókù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má nípọn ju E lọ. Ó hàn pé ẹni tí ó ni gìtá náà tẹ́lẹ̀ kàn wá okùn kan fi dí àyè ni. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́ ínǹṣì 10 kan ṣoṣo.

Nickel 45 dé 130 ni mo fẹ́ rà. Ohun tí ó kù tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ agídìgbo tí Bàbá sọ, nítorí pé irú ohùn yẹn gan-an ni olórin wa ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

Bàbá Jùjú Ṣàgámù

Alátùn-únṣe sọ òótọ́ nípa B, mo gbà fún un. Olókùn mẹ́rin ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ra nickel náà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gé fómù tí ó rọ̀, kí ó fẹ̀ tó ìka méjì, kí o tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ okùn ní ẹ̀gbẹ́ bridge, kí ó kàn fara kan wọ́n láì gbé wọn sókè. Yí bọ́tìnì tone lórí gìtá wálẹ̀ dé ìdajì. Fi àtàǹpàkò ta á, má fi èékánná kàn án. Ìró yóò kúrú, yóò sì ṣù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, yọ fómù náà, kí o yí bọ́tìnì padà sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí dídán okùn tuntun bá ti rọlẹ̀, ohùn náà yóò tún dára sí i.

Alátùn-únṣe Gìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Fómù yẹn jẹ́ ìmọ̀ràn tí ó péye. Nígbà tí ẹ bá ń fi okùn sí i, ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ọrùn má baà yí padà lójijì. Ẹ jẹ́ kí okùn kọjá èèkàn rẹ̀ ní ínǹṣì 4 sí 5 kí ẹ tó gé e, kí ó lè wé ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó gé e, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ kọ́rọ́ níwájú ibi tí ẹ ó ti gé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà ìta lè yọ̀ lára irin àárín, okùn náà yóò sì kú láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó lọ́ bí ẹ ti ń wé e. Bí ẹ bá sì rà á ní Alábà, ẹ tú páálí níwájú ẹni tí ń tà á, kí ẹ wò ó bóyá okùn márààrún pé, kí ìpẹtà má sì sí lára wọn.

Oníbáàsì Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti fi wọ́n sí i láti àná. Okùn mẹ́rin dún bí ó ti yẹ. B le sí i gan-an, ohùn rẹ̀ sì ti yọ, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn rẹ̀ ga ju bí ó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ó sì ń ró wín-ín-wín bí mo bá ta á láì tẹ̀ ẹ́.

Alátùn-únṣe Gìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Okùn tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀ dáadáa níbi tí ó ti kúrò lórí irin bridge àti lórí nut. Ńṣe ni ó ń ṣe bí ọrun níbẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ níwájú ibi méjèèjì, ẹ má fi agbára ṣe é, kí ẹ sì tún ohùn rẹ̀ fà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ohùn tín-ín-rín orí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, níbi tí ìka kàn ń fara kan okùn láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ tẹ̀. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ṣì ga jù, ẹ fi sukuduráfà sún irin tí okùn B jókòó lé sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bí ó bá ṣì ń ró wín-ín-wín, ẹ gbé irin náà sókè díẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀pá inú ọrùn.

Oníbáàsì Ìjẹ̀bú-Òde

Àtàǹpàkò ni ó parí ìdajì iṣẹ́ náà, mo sì sún irin rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ fún ìyókù. Kò ró wín-ín-wín mọ́. A ṣe ìdánrawò ní alẹ́ àná pẹ̀lú fómù lábẹ́ okùn, onígángan wa sì bi mí bóyá mo ti pààrọ̀ gìtá. Mo ti gé fómù kejì sínú àpò, kí ti àkọ́kọ́ má baà sọnù kí Ojúde Ọba tó dé.